Ẹja tó wọ ẹtù wá sí ọjà Ouando

Ẹ̀gbọ́n mi tí gbogbo ọjà ń pè ní Ìyá Ràfíù pè mí lórí fóònù láàárọ̀ Sátidé kan, bí mo ṣe ń fi aṣọ àkọ́kọ́ kọ́ níwájú ìsọ̀. Wọn ò tilẹ̀ kí mi. "Ìwọ tó o lójú àwọ̀, wá bá mi wo ẹja kan kí n tó sọ ọ́ nù." Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ṣé ẹja ni mò ń tà ni? Wọ́n ní kí n yéé ro ẹjọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà lọ́wọ́ Ràfíù.

Mo bẹ obìnrin tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pé kó bá mi ṣọ́ ọjà, mo gun zémi, ọ̀kadà wa níbí, ó di Ouando.

Kí ẹni tí kò mọ Àjàṣẹ́, ìyẹn Porto-Novo ní Bẹ̀nẹ̀, má baà rò pé etí òkun là ń gbé: ọ̀sà ló wà níwájú wa. Ẹja tí ọwọ́ wa mọ̀ láti kékeré ni èpìyà, àrọ̀ àti òbòkún. Ẹja òkun gidi, Kútọnu ni wọ́n ti ń gbé e wá, nǹkan bíi 30 kìlómítà sí wa. Ìdájí ni ẹ̀gbọ́n mi ń jáde lọ sí èbúté àwọn apẹja níbẹ̀. Wọ́n á dúró de ọkọ̀ àwọn ará Gánà àti ti àwọn Pla, àwọn apẹja etíkun wa, wọ́n á sì ra agbọ̀n kan tàbí méjì. Ẹni tó ra agbọ̀n kì í yan ẹja lọ́kọ̀ọ̀kan. Èyí tó wà lókè máa ń dán. Èyí tó wà nísàlẹ̀, orí ẹni ló ń yàn án.

Ìsàlẹ̀ agbọ̀n ni ti ọjọ́ náà wà.

Ó gùn tó àtẹ́lẹwọ́ méjì, ó pẹlẹbẹ, ó sì ga láti ẹ̀yìn dé ikùn bí àwo tí wọ́n gbé dúró létí. Ẹnu rẹ̀ kéré, ó yọ síwájú bí ẹnu ẹni tó fẹ́ súfèé. Ìpẹ́ rẹ̀ wẹ́wẹ́ débi pé bí o bá fọwọ́ pa á lára, bí awọ ló ń ṣe. Gbogbo ọjà ní ẹja dúdú ni. Mo bu omi sí i lára, mo gbé e kúrò lábẹ́ agboòrùn bọ́ sínú oòrùn. Kò dúdú rárá. Àwọ̀ obì gbígbẹ ni, ìlà tíntìntín tó fẹ́ jọ àyìnrín sì ń wọ́ kọ́lọkọ̀lọ lórí rẹ̀ láti ẹ̀rẹ̀kẹ́ lọ sí ìdí. Ẹnu mi ló sọ ọ́ kí n tó ronú: "Ẹtù ni ẹja yìí wọ̀!"

Àwọn obìnrin ọjà bú sẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ti di ẹtù gidi mú rí, irú èyí tí àwọn baba wa ń wọ̀ lọ síbi ìgbéyàwó, á mọ ohun tí mò ń sọ. Láti òkèèrè, ó dúdú. Bí o bá sún mọ́ ọn, wàá rí i pé òwú tíntìntín ti la inú aró náà kọjá, bí ara ẹyẹ ẹtù tó fún aṣọ náà lórúkọ.

Nídìí ìrù ẹja yìí, lọ́tùn-ún àti lósì, àmì kan wà tó pọ́n bí ìyeyè. Ó rí bí ẹyin tó dùbúlẹ̀. Kò sí ibòmíràn lára rẹ̀ tó ní àwọ̀ yẹn.

Àárín àmì yẹn gan-an lohun tó gé Ràfíù lọ́wọ́ wà. Mo yọ ẹyọ ìgbálẹ̀ kan, mo fi ṣóńṣó rẹ̀ wá inú àwọ̀ ìyeyè náà títí mo fi kan ojú kòtò tẹ́ẹ́rẹ́ kan, mo wá tọ́ ọ sókè díẹ̀. Nǹkan funfun kan dìde. Ó mú bí abẹ. Níhà ìrù ló ti so mọ́ ara ẹja, ṣóńṣó rẹ̀ kọjú síwájú, sí orí. Bí mo ṣe yọ ìgbálẹ̀ kúrò, ó padà sùn sínú kòtò rẹ̀ bí ọ̀bẹ tó wọ àkọ̀. Mo tún gbé e dìde. Ó tún padà. Ẹ̀ẹ̀mẹ́rin ni mo ṣe é, àwọn ọmọdé ti pé lé mi lórí. Ràfíù ṣe ohun tí gbogbo wa máa ń ṣe: ó di orí ẹja mú, ó fọwọ́ kejì fa omi kúrò lára rẹ̀ láti orí wá sí ìdí. Ìka rẹ̀ ló lọ pàdé abẹ náà. Nígbà tí ẹja náà wà láàyè, bó bá ti fi ìrù fì báyìí ni abẹ ń yọ, ẹni tó bá sún mọ́ ọn gba tirẹ̀. Mo fi àjákù àǹkárá tó wà nínú báàgì mi di ìka ọmọ náà.

Ọ̀rọ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìyá kan ní carpe noire ni, nítorí pé gbogbo ẹja tó bá ti pẹlẹbẹ níbí, carpe ni. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní olóró ni, pé ẹja tí Ọlọ́run bá fi àwọ̀ sí nídìí, ìkìlọ̀ ni. Bàbá kan tó máa ń wàásù létí títì dá sí i pé ẹja tó bá ti ní lẹbẹ àti ìpẹ́, kò sí èèwọ̀ nínú ẹ̀. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ ní kí bàbá kọ́kọ́ jẹ ẹ́ ká wò ó. Ẹ̀gbọ́n mi kàn ń wò mí. Wọ́n fẹ́ mọ̀ bóyá kí wọ́n tà á, kí wọ́n sọ ọ́ nù, tàbí kí wọ́n dá agbọ̀n padà fún ẹni tó tà á fún wọn, èyí tí kò ṣeé ṣe.

Aṣọ ni mò ń tà. Bí oníbàárà bá wọlé tó ní òun fẹ́ pupa, mi ò tíì ní dìde lórí àpótí. Mo máa ń bi í pé pupa wo: ti epo ni, ti osùn ni, àbí ti àlàárì? Ẹlòmíràn, pupa rúsúrúsú ló ní lọ́kàn, èyí tí àwọn ọmọ tó lọ síléèwé ń pè ní jóònù. Pupa, dúdú, funfun, òpó mẹ́ta ni èdè wa fi ró ilé àwọ̀; ìyókù, ohun tó jọ ọ́ la fi ń pè é: àwọ̀ ewé, àwọ̀ eérú, àwọ̀ ojú ọ̀run. Mo ti gbọ́ táwọn kan ń sọ pé àléébù ni. Mi ò gbà. Ẹni tó ní "jóònù" kò tíì sọ nǹkan kan fún mi. Ṣé ìyeyè tó pọ́n ni, ṣé inú ẹyin ni, àbí epo tó dì láàárọ̀? Ẹni tó ní "àwọ̀ ìyeyè" ti parí ọ̀rọ̀.

Ìyá ìyá mi, ará Kétu, aláró ni wọ́n. Mo kéré nígbà náà, ṣùgbọ́n mo rántí òórùn ìkòkò ẹ̀lú wọn, kì í ṣe òórùn tí ènìyàn ń gbàgbé. Bí wọ́n bá fa aṣọ jáde nínú aró, aṣọ náà kì í dúdú. Àwọ̀ ewé tó fẹ́ rọ ló máa ń bá jáde. Afẹ́fẹ́ á wá kàn án, á bẹ̀rẹ̀ sí í yí lójú wa, láti etí wọ àárín, títí á fi di àyìnrín. Ẹ̀gbọ́n mi àti èmi á máa du ẹni tó máa kọ́kọ́ rí i. Wọ́n á tún rì í, wọ́n á tún fà á jáde, ìgbà tó bá yá ló tó di dúdú aró. Nítorí náà, mo mọ̀ láti kékeré pé àwọ̀ tí o rí nísinsìnyí lè má jẹ́ àwọ̀ tí wàá rí bó bá ṣe díẹ̀. Ohun tí mi ò mọ̀ ni pé ẹja ń ṣe òdìkejì: aṣọ ń gba àwọ̀ bó bá jáde nínú aró, ẹja ń sọ tirẹ̀ nù bó bá jáde nínú omi.

Mo ya fọ́tò mẹ́ta. Ọmọ àbúrò mi kan tó ń kàwé ní Kútọnu ní app kan lórí fóònù rẹ̀ tó máa ń fi àwòrán mọ ẹranko. Mo fi fọ́tò ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ ló dá mi lóhùn: "Tàǹtí, Acanthurus olivaceus ni." Mo ka orúkọ náà sókè bí ìmáàmù. Inú mi dùn débi pé mi ò wo nǹkan kan mọ́. Mo sọ fún ẹ̀gbọ́n mi pé ẹja ńlá ni, pé wọ́n máa ń rí i ní Hawaii. Kí n tó padà dé ìsọ̀, ẹ̀gbọ́n mi ti ń sọ fún oníbàárà pé ẹja Hawaii lòun ń tà.

Alẹ́ ni ojú tì mí. Mo dùbúlẹ̀, mo wá àwòrán olivaceus yẹn lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹja náà lẹ́wà. Ó ní àmì kan lóòótọ́, tó rí bí àwọ̀ ọsàn tó pọ́n, tí àwọ̀ aró sì yí i ká. Ṣùgbọ́n èjìká ni àmì yẹn wà, lẹ́yìn ojú, ó nà gbọọrọ síhà ìrù. Tiwa, ìdí ìrù. Mo jókòó. Àwa tí ilà ṣì wà lójú àwọn àgbà wa, ṣé irú àṣìṣe yìí ló yẹ ká ṣe? Bí o bá rí ẹni tó kọ pélé, ibi tí ilà wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ àti bó ṣe dúró lo fi mọ̀ pé pélé ni. Bó bá dùbúlẹ̀, ọ̀rọ̀ ti di ti àbàjà. Kò sẹ́ni tó ń béèrè bí ilà náà ṣe dúdú tó. Èmi wá rí àmì pupa rúsúrúsú lára ẹja, mo rí òmíràn lára àwòrán, mo ní ọmọ ìyá ni wọ́n.

Nǹkan kejì tí mi ò béèrè ni ilé rẹ̀. Òkun Pàsífíìkì àti apá ìlà-oòrùn Òkun Íńdíà ni olivaceus ń gbé. Ó ṣòro kó gba ẹ̀yìn Áfíríkà yí ká nítorí kó lè bọ́ sínú agbọ̀n ẹ̀gbọ́n mi. App kò mọ̀ pé Àjàṣẹ́ ni mo wà, ọmọ àbúrò mi kò sọ fún un, èmi náà kò sọ fún ọmọ. Láti ọjọ́ yẹn, ohun tí mo kọ́kọ́ ń béèrè nípa ẹja ni omi tó ti wá, àwọ̀ dìgbà tó bá yá.

Mo wọ FishBase, níbi tí wọ́n ti lè to ẹja inú òkun orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún ọ. Mo yan Bẹ̀nẹ̀, mo wá ẹbí àwọn ẹja abẹ yìí. Kò gba àkókò. Acanthurus monroviae. Ara àwọ̀ igi, ìlà tíntìntín tó ń wọ́, àmì ńlá àwọ̀ ìyeyè yí abẹ ìrù ká. Òun nìyẹn, kò ṣẹ́kù síbì kan. Onímọ̀ ẹja ará Austria kan tó ń jẹ́ Steindachner ló fún un lórúkọ ní 1876, Monrovia ní Làìbéríà ló sì fi pè é. Ìwọ̀ oòrùn Áfíríkà ni ilé rẹ̀, láti Mòrókò dé Àǹgólà. Apá àkọ́kọ́ orúkọ náà, èdè Gíríìkì ni, ó túmọ̀ sí ẹlẹ́gùn-ún ìrù. Àwọn Faransé ń pè é ní chirurgien, oníṣẹ́ abẹ. Ràfíù ní orúkọ yẹn ló bá a mu jù.

Kí ló dé tí ẹ̀gbọ́n mi, tó ti ń ra ẹja ní Kútọnu kí n tó bí àkọ́bí mi, kò tíì rí i rí? Bí ẹnu rẹ̀ ṣe kéré yẹn, ewéko wẹ́wẹ́ tó ń hù lára òkúta ló ń fi ha jẹ. Òkúta sì ni ohun tí a kò ní. Láti ibodè Tógò dé ibodè Nàìjíríà, nǹkan bíi 120 kìlómítà, iyanrìn ni etíkun wa. Òkúta tó wà níbẹ̀, ènìyàn ló kó wọn síbẹ̀: èyí tí wọ́n fi dáàbò bo èbúté ńlá Kútọnu tí wọ́n ṣí ní 1965, àti àwọn mìíràn tí wọ́n tò síhà ìlà oòrùn rẹ̀ nígbà tí òkun ń jẹ ilẹ̀. Èrò tèmi ni pé ara òkúta bẹ́ẹ̀ ni ẹni tó pa á ti rí i, tàbí kó jẹ́ pé àwọn ará Gánà gbé e láti ọ̀dọ̀ wọn wá. Ẹni tó ta agbọ̀n kò rántí. Ta ló ń rántí ẹja ìsàlẹ̀ agbọ̀n?

Ọ̀rọ̀ yìí wọ̀ mí lára. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ jókòó ti ẹ̀gbọ́n mi lọ́jọ́ Sátidé, pẹ̀lú ìwé kékeré tí mo fi ń kọ gbèsè oníbàárà. Wọ́n ní mo fẹ́ gba iṣẹ́ mọ́ àwọn lọ́wọ́.

Sáwá ni mo fi bẹ̀rẹ̀. Lójú tèmi, sáwá ni sáwá, fàdákà ni gbogbo wọn. Àṣé oríṣi méjì ló máa ń dà pọ̀ nínú àwo. Mo fa ọ̀kan yọ, mo tẹ́ ẹ sórí ike funfun: létí ìdérí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, níbi tó fi ń mí, àmì dúdú kan wà, ó ṣe kedere, ìlà kan tó fẹ́ jọ wúrà sì gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá. Èyí ni Sardinella aurita. Mo fa òmíràn: kò ní àmì dúdú létí ẹ̀rẹ̀kẹ́, ṣùgbọ́n ibi tí lẹbẹ ẹ̀yìn rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ ló ṣú. Èyí ni Sardinella maderensis. Ìlà wúrà yẹn máa ń parẹ́ kí ọ̀sán tó pọ́n, àmì dúdú kì í lọ síbì kan. Ẹ̀gbọ́n mi wo méjèèjì, wọ́n ní, "Iye kan náà ni."

Capitaine ni mo fẹ́ràn jù, nítorí pé ẹja náà ní irùngbọ̀n. Lábẹ́ lẹbẹ àyà rẹ̀, òwú gígùn wà tó fi ń wá oúnjẹ nínú iyanrìn. Capitaine kékeré, Galeoides decadactylus, ní àmì dúdú kan lẹ́yìn orí, lórí ìlà tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, bí ẹni fi ìka tó kan aró tẹ̀ ẹ́. Òwú tirẹ̀ jẹ́ 9 tàbí 10. Ti capitaine ńlá, Polydactylus quadrifilis, 4 péré ni, kò sì ní àmì yẹn. Nítorí náà, ẹni tó bá ń ta ọmọ ọ̀kan fún ọ bí ọmọ èkejì, má bá a jà. Ka òwú.

Ti ẹja pupa ló mú ìjà wá. Mo bá ọ̀rẹ́ mi kan lọ jẹun ní ilé oúnjẹ kan tí mi ò ní dárúkọ, níbi tí wọ́n ti máa ń gbé ẹja tútù wá kí o yan èyí tí wọ́n máa yan fún ọ. Ọmọkùnrin náà gbé ọ̀kan wá, ó ní carpe rouge ni, ó sì pe owó carpe rouge. Mo wò ó. Ó pọ́n lóòótọ́, ṣùgbọ́n pupa rẹ̀ rọ̀, ó dà bí osùn tí wọ́n fi omi là. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ní tóótó kéékèèké àwọ̀ àyìnrín, àmì kan tó pupa ju ara rẹ̀ lọ sì wà lókè ibi tó fi ń mí. Pageot nìyí, Pagellus bellottii. Carpe rouge tí mo mọ̀, Lutjanus goreensis, bó bá ṣì kéré bí èyí, abẹ́ ojú ni tóótó àyìnrín tirẹ̀ máa ń tò sí, bí ẹni lé tìróò sódì. Mo ṣàlàyé fún ọmọkùnrin náà dáadáa, mo tilẹ̀ fi ìka hàn án. Ó gbọ́ tán, ó ní, "Màmá, pupa ni pupa."

Èmi! Èmi tí mo ti ń bi oníbàárà ní pupa wo! Mo sanwó, mo jẹ ẹ́, ó dùn. Ata àti tòmátì ti pọ́n gbogbo rẹ̀ kan náà kó tó dé tábìlì, ẹni kankan kò lè mọ èwo ni èwo mọ́.

Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n rántí ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ. Wọ́n ní yàrá kan níbẹ̀ tí ìgò wà lórí pẹpẹ, ẹja nínú ìgò kọ̀ọ̀kan, nínú omi oògùn tó ń ta èèyàn nímú. Gbogbo wọn ló rí bí bébà àtijọ́. Mo rò nígbà náà pé ẹja òkun kò ní àwọ̀ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé omi oògùn yẹn ló jẹ àwọ̀ wọn. Ìdí nìyẹn tí àwọn tó ń kọ ìwé ẹja fi máa ń ka egungun lẹbẹ, tí wọ́n ń ka ìpẹ́, tí wọ́n ń wọn orí pẹ̀lú ìrù: ìgò kì í pa iye rẹ́. Ìwé ńlá tí FAO, àjọ àgbáyé tó ń rí sí oúnjẹ àti iṣẹ́ àgbẹ̀, ṣe lórí ẹja apá òkun wa yìí, ìdìpọ̀ 4 tí wọ́n parí ní 2016, kún fún irú kíkà bẹ́ẹ̀. Ọmọ àbúrò mi fi hàn mí lórí kọ̀ǹpútà. Mo wo àwòrán, mo fo ìyókù.

Apẹja ará Gánà kan tó gbọ́ Yorùbá díẹ̀ sọ ti ẹja kan tí wọ́n ń pè ní coryphène fún mi ní Kútọnu. Ó ní bó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fa á wọ inú ọkọ̀, wúrà ni, àwọ̀ ewé ni, àyìnrín ni, gbogbo rẹ̀ ń ṣáná lára ẹja kan ṣoṣo, ó ń lọ ó ń bọ̀ bí iná mànàmáná. Kí ẹja náà tó dákẹ́, ó ti di eérú. Ó ní nígbà àkọ́kọ́ tóun rí i, òun fẹ́ jù ú padà sómi. Ṣé o jù ú padà? Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní òun ní ọmọ mẹ́rin.

Bó bá tilẹ̀ jẹ́ ẹja ààyè, omi fúnra rẹ̀ ń yí àwọ̀ mọ́ wa lójú. Pupa ni omi ń kọ́kọ́ gbé mì nínú ìmọ́lẹ̀ oòrùn. Ẹja tó pọ́n bí àlàárì lórí àtẹ ẹ̀gbọ́n mi, nílé rẹ̀ nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, òjìji ni. Ó wọ àlàárì láti fi fara pamọ́! Mo ti sọ èyí fún oníbàárà mẹ́ta nísọ̀ mi, kò sẹ́ni tó gbà mí gbọ́.

Ọjọ́ orí náà ńkọ́? Ẹja kan wà nínú Òkun Íńdíà àti Pàsífíìkì tí wọ́n ń pè ní Pomacanthus imperator. Bó bá wà lọ́mọdé, dúdú aró ni, ìlà funfun sì ń yí po lára rẹ̀ bí òrùka inú òrùka. Bó bá dàgbà, ó bọ́ aṣọ yẹn, ó wọ àyìnrín àti ìyeyè tó tẹ̀ léra wọn gbọọrọ láti orí dé ìrù. Ọ̀mọ̀wé Bloch ti fún àgbà rẹ̀ lórúkọ ní 1787. Nígbà tó di 1801, wọ́n fún ọmọdé rẹ̀ ní orúkọ mìíràn, bíi pé ẹja ọ̀tọ̀ ni. Ara mi balẹ̀ nígbà tí mo kà á. Bí àwọn yẹn bá lè ṣìnà, ti Hawaii tèmi kò burú jù.

Ẹja ẹlẹ́tù wa? A jẹ ẹ́. Ẹ̀gbọ́n mi kò rí ẹni rà á lẹ́yìn tí mo lọ sọ fún wọn pé kì í ṣe ti Hawaii, ti Monrovia ni. Wọ́n gé abẹ méjèèjì kúrò pẹ̀lú ọ̀bẹ ńlá, wọ́n bó awọ rẹ̀, wọ́n dín in. Ẹran rẹ̀ funfun, ó sì le díẹ̀. Ìyá ẹlẹ́fọ̀ọ́ tó ní olóró ni ló gba orí. Mo bi wọ́n léèrè pé olóró náà ńkọ́. Wọ́n ní ìdí ni àmì wà, orí kò lẹ́jọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ẹ̀gbọ́n mi tún pè, lákòókò tí mò ń ka ọ̀pá aṣọ fún obìnrin kan. "Ó tún ti dé o! Dúdú bíi ti ìjelòó!" Mo fi aṣọ sílẹ̀. Mo ní, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀, ẹ má wo dúdú rẹ̀, àmì rẹ̀ dà? Ṣé èjìká ló wà ni, àbí ìdí ìrù?

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀.

"Ìrù wo? Mo ti gé e dànù kó má baà gé Ràfíù lọ́wọ́."